Ìrìbọmi àti Ọmọ Ọ̀dọ̀ Tí Ń Bẹ Nínú Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ ìrìbọmi, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni àríyànjiyàn tí ó ti wà láàárín àwa àti àwọn ìjọ tí ó ṣáájú wa láti ayé àwọn bàbá wa. Ṣé kí a ri ènìyàn bọ inú omi pátápátá ni, tàbí kí a wọ́n omi sí i lórí? Ṣé ọmọ ọwọ́ lè gbà á, tàbí ẹni tí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ nìkan? Ibi tí mo dúró sí kò farasin. Ẹni tí ó ti gbàgbọ́ ni à ń rì bọmi, omi náà sì gbọ́dọ̀ bò ó mọ́lẹ̀, nítorí pé Róòmù orí 6 pè é ní ìsìnkú, a kì í sì í fi ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan sin òkú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo jókòó láti kọ. A ti jiyàn lórí bí omi ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó, títí a fi gbàgbé láti béèrè ohun tí omi náà sọ nípa ẹni tí ó bá wa wọ inú rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí Bíbélì yín sí Gálátíà orí 3. Ẹsẹ 27 ni a sábà máa ń kà lọ́jọ́ ìrìbọmi, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé gbogbo ẹni tí a ti rì bọmi sínú Kristi ti gbé Kristi wọ̀ bí aṣọ. Bí a bá kà á tán, a ó ké Alelúyà, a ó sì pa Bíbélì dé. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kò tíì pa ẹnu dé. Nínú ẹsẹ 28 ni ó ti ka Júù àti Gíríkì, ẹrú àti òmìnira, ọkùnrin àti obìnrin, tí ó sì sọ pé ọ̀kan ni gbogbo wọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀run ni ó ń sọ. Ó ń kọ̀wé sí àwọn ènìyàn tí wọ́n jọ ń jókòó nínú yàrá kan, tí àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ ẹrú tí a fi owó rà. Ẹsẹ 28 ni ìtumọ̀ ẹsẹ 27. Ẹni tí ó gba ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba èkejì.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Ẹni tí a jọ wọ omi kan náà kò lè máa gbé nínú ilé wa bí ẹrú. Mo ń sọ ti ọmọbìnrin tí ó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti pọn omi, tí ó ń fọ aṣọ, tí ó ń gbé báàgì ilé ìwé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ní báàgì kankan. Mo ń sọ ti ọmọ ọ̀dọ̀.

Kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ wá ọgbọ́n láti gba ẹsẹ 27 kí a sì fi ẹsẹ 28 sílẹ̀. Àwọn kan ti fi òfin ṣe é rí. Ní Virginia, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ní ilẹ̀ tí ó di Amẹ́ríkà lónìí, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Elizabeth Key. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ìyá rẹ̀, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá rẹ̀. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ẹrú títí ayé, ó sì gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Lára àwọn ohun tí wọ́n rò fún un ni pé a ti ṣe ìrìbọmi fún un, Kristẹni ni. Ó rí òmìnira gbà ní 1656. Ẹ̀rù ba àwọn olówó ẹrú. Bí omi bá lè tú ẹrú sílẹ̀, ta ni yóò bá wọn ṣe oko tábà? Ní 1667, ìgbìmọ̀ aṣòfin Virginia jókòó, wọ́n sì ṣe òfin pé ìrìbọmi kò yí ipò ẹnikẹ́ni padà, ìbáà jẹ́ ẹrú, ìbáà jẹ́ òmìnira. Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó dùn mí jù: wọ́n kọ ọ́ sínú òfin náà pé nítorí ìtànkálẹ̀ ẹ̀sìn Kristi ni àwọn fi ṣe é, kí ọkàn àwọn ọ̀gá lè balẹ̀ láti jẹ́ kí ẹrú wọn gba ìrìbọmi!

Ní South Carolina, míṣọ́nnárì kan tí ń jẹ́ Francis Le Jau ń kọ́ àwọn ẹrú ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní bí ọdún 1709. Ọkàn rẹ̀ kò le. Ó tilẹ̀ bá àwọn ọ̀gá wí nítorí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹrú. Síbẹ̀, kí ó tó ṣe ìrìbọmi fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn ẹrú yìí, ó ní kí olúwarẹ̀ dúró níwájú Ọlọ́run àti ìjọ, kí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé kì í ṣe láti bọ́ lóko ẹrú ni òun fi ń gba ìrìbọmi, àti pé òun yóò máa gbọ́ràn sí ọ̀gá òun lẹ́nu. Ẹ̀jẹ́ méjì nínú omi kan ṣoṣo, ọ̀kan fún Kristi, èkejì fún ẹni tí ó ra ènìyàn. Ẹ̀rí ọkàn rere nìkan kò gba Le Jau lọ́wọ́ àṣà àwọn tí ó ń jókòó sí ìjókòó iwájú nínú ìjọ rẹ̀.

Àwọn ènìyàn tiwa gan-an, àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lọ sí Bahia ní Brazil àti sí Cuba, rí irú omi bẹ́ẹ̀. Òfin àwọn Pọ́túgà pàṣẹ pé kí olówó ẹrú rí i pé ẹrú rẹ̀ gba ìrìbọmi. Wọ́n gbà á, wọ́n fún wọn ní José, wọ́n fún wọn ní Maria, wọ́n sì dá wọn padà sínú oko ìrèké lọ́jọ́ kejì. Oko ẹrú dópin ní Cuba ní 1886, ní Brazil ní 1888. Ẹ ṣírò iye ìran tí ó ti wọ omi kí ó tó dìgbà náà.

Ìtàn kan wà tí ó yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ó sì jẹ́ ti ilé wa. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú kó Òṣogùn, wọ́n sì mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọ́túgà. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbá ọkọ̀ náà mú lójú òkun, wọ́n sì sọ Àjàyí kalẹ̀ ní Sàró. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, ọdún 1825, Àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì di Samuel Crowther, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù àti atúmọ̀ Bíbélì. Ẹ ṣàkíyèsí ètò rẹ̀. Wọ́n já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kí omi tó dé. Wọ́n fi í sí ilé ìwé kí omi tó dé. Ní 1846 ni ó tó tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ní oṣù Kejì 1848, ìyá náà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìrìbọmi ní ìlú náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì.

Àwọn àgbà wa ti pa á lówe: Ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, igbe ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ nílé ìyá rẹ̀ rí. Wọn kò tíì gbọ́ ìwàásù kankan nígbà tí wọ́n pa òwe yìí o! Ó yẹ kí ojú ti àwa tí a gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo fi ojú ara mi rí. Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì ìrìbọmi tí mo kọ́ nígbà kan. Èmi kò ní dárúkọ ìjọ náà, mi ò sì ní dárúkọ ilé tí ọmọ náà ń gbé. Òun àti àwọn ọmọ méjì nínú ilé náà ni wọ́n jọ ń wá. Bí mo bá béèrè ìbéèrè, àwọn ọmọ ilé á máa wo òrùlé. Ọmọ ọ̀dọ̀ yìí ni ó máa ń dáhùn, ohùn rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ bí ẹni pé ó ń jí ìdáhùn náà gbé. Ó mọ ìtàn ìwẹ̀fà ará Etiópíà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8 láti orí dé ìdí. Nígbà tí ọjọ́ ìrìbọmi pé, a dé etí odò, a ka orúkọ, a kò rí i. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá ilé náà. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni tí ó rí nǹkan kan nínú rẹ̀: "Pásítọ̀, ó wà nílé, ó ń se ìrẹsì. Àwọn àlejò ìrìbọmi á pọ̀ lónìí. Ó lè ṣe tiẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀."

Kí ọdún tí ń bọ̀ tó dé, ejẹ́ǹtì tí ó mú un wá ti mú un lọ sí ilé mìíràn.

Ìyá yẹn kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ń san ìdámẹ́wàá, ó ń bẹ àwọn aláìsàn wò, kò sì na ọmọ náà rí lójú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Àwọn tí ń fi áyọ́ọ̀nù jó ọmọ ọlọ́mọ, gbogbo wa ni a jọ ń gégùn-ún fún wọn bí a bá gbọ́ ọ lórí rédíò. Ṣùgbọ́n ilé tí kò sí igbe, tí kò sí àpá, tí ọmọ kan kàn jẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fún àwọn yòókù, ilé tí àwọn àgbà ń sọ nípa rẹ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru, irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa. Wọ́n sì ti ṣe ìrìbọmi fún gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí Bíbélì fi ṣáájú omi. Nínú Lúùkù orí 3, àwọn ènìyàn tọ Jòhánù wá láti gba ìrìbọmi, wọ́n sì bi í pé kí ni kí àwọn ṣe. Kò sọ pé kí wọ́n lọ ra aṣọ funfun. Ó sọ fún ẹni tí ó ní ẹ̀wù méjì kí ó fún ẹni tí kò ní. Ó sọ fún agbowó orí kí ó má gbà ju iye tí a pa láṣẹ. Ó sọ fún ọmọ ogun kí ó má fi agbára gba tọwọ́ ẹlòmíràn, kí owó iṣẹ́ rẹ̀ sì tó o. (Èmi tí mo jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kì í lè ka ibẹ̀ yẹn kí ara má ta mí, ó dà bí ẹni pé Jòhánù ti dé ọ́fíìsì wa rí.) Jòhánù wo iṣẹ́ oníkálukú, ó sì fi ọwọ́ kan ibi tí ó ti ń yan ẹlòmíràn jẹ. Tàbí ẹ wo onítúbú ìlú Fílípì nínú Ìṣe orí 16. A máa ń wàásù ìmìtìtì ilẹ̀ ibẹ̀, a máa ń wàásù bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí. Ẹ ka ẹsẹ 33 dáadáa. Ó kọ́kọ́ wẹ ọgbẹ́ Pọ́ọ̀lù àti Sílà, lẹ́yìn náà ni òun àti ará ilé rẹ̀ gba ìrìbọmi, lẹ́yìn náà ni ó gbé oúnjẹ ka iwájú wọn. Ní wákàtí kan náà! Ẹni tí ó ti ẹsẹ̀ wọn mọ́ àbà ní ìrọ̀lẹ́ ni ó ń bu oúnjẹ fún wọn lóru.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, "Pásítọ̀, mo ń ran ìdílé ọmọ náà lọ́wọ́ ni, bí kò bá sí èmi, ebi ni ìbá máa pa á ní abúlé." Ó lè jẹ́ òótọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí lọ́dọ̀ tíṣà nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí a pọn omi, tí a gbálẹ̀, tí a sì dúpẹ́ lónìí. Èmi kò bá àgbàtọ́ jà. Ṣùgbọ́n nínú àgbàtọ́ tí àwọn bàbá wa mọ̀, ọmọ tí a gbà tọ́ ń lọ sí ilé ìwé, àwọn òbí rẹ̀ mọ ilé tí ó wà, ó sì ń lọ sílé lọ́dún. Èyí tí a ń ṣe báyìí yàtọ̀. Ejẹ́ǹtì ni ó ń gba owó oṣù. Ọmọ kò mọ ọ̀nà ilé. Àwọn kan ń ti Benin àti Togo wá, wọ́n ń gba Sèmè kọjá pẹ̀lú ẹni tí kì í ṣe bàbá wọn, tí kì í ṣe ìyá wọn. Ní oṣù Kẹrin 2001, gbogbo ayé ń wá ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Etireno, tí ó gbéra ní Cotonou, tí àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń kó lọ ṣiṣẹ́ ní Gabon. Gabon lé e, Cameroon lé e, ó sì padà sí Cotonou. Etíkun kan náà nìyẹn, tí àwọn bàbá ńlá wa gbà lọ.

Ti òfin ńkọ́? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà ti ṣe irú rẹ̀ fún ara wọn, kò gbà, ní abala 28, pé kí a gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lóde ilé tàbí ẹbí rẹ̀. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ti 2004 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé ìwé fún ọdún 9. Òfin ti 2015 tí ó lòdì sí fífi ènìyàn ṣòwò sì sọ pé ẹ̀wọ̀n ń bẹ fún ẹni tí ó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Mo fi èyí síhìn-ín nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ọ́n, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò sì sọ ọ́ lórí pẹpẹ.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ dá Ónẹ́símù padà sọ́dọ̀ Fílémónì. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ẹsẹ 16 àti ẹsẹ 18. Ó ní kí Fílémónì má gbà á bí ẹrú mọ́, kí ó gbà á bí arákùnrin tí a fẹ́ràn. Bí ó bá sì jẹ ẹ́ ní gbèsè, kí ó kọ ọ́ sí ọrùn òun Pọ́ọ̀lù. Ta ni nínú wa tí ó ti san gbèsè ọmọ ọ̀dọ̀ kan rí?

Ohun kan tún kù, ẹ má bínú sí mi. Àwọn kan nínú wa a máa fi ayọ̀ jẹ́rìí pé àwọn ti jèrè ọkàn: ọmọ Mùsùlùmí tí ejẹ́ǹtì mú wá láti ọ̀nà jíjìn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà láti Àmínà sí Blessing, tí wọ́n sì ti mú un wá síbi omi láìjẹ́ pé ìyá tàbí bàbá rẹ̀ gbọ́. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé mọ Olúwa ni ọkàn mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lè sọ fún wa pé òun kò fẹ́ gbálẹ̀, báwo ni yóò ṣe sọ fún wa pé òun kò fẹ́ ìrìbọmi? Ìjẹ́wọ́ tí a fi ìbẹ̀rù ọ̀gá ṣe kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ohun tí àwọn olówó ẹrú ṣe ní Bahia nìyẹn. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ náà mọ Kristi, ẹ jẹ́ kí ó rí I nínú oúnjẹ tí a bù fún un àti nínú báàgì ilé ìwé rẹ̀, kí a sì dúró de ìgbà tí ó bá dàgbà tó láti yàn fúnra rẹ̀.

Kí ni kí a wá ṣe? Ní ìjọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ Olúwa, fọ́ọ̀mù ìrìbọmi ń béèrè orúkọ, ọjọ́ orí, àdírẹ́sì, ọjọ́ tí ènìyàn di àtúnbí àti bóyá ó ti kó oògùn ìbílẹ̀ dànù. Gbogbo rẹ̀ dára. Èmi ń dábàá kí a fi ìlà díẹ̀ kún un fún àgbàlagbà tí ó bá fẹ́ gba ìrìbọmi tàbí tí ó bá mú ọmọ rẹ̀ wá. Àwọn wo ni ẹ ń gbé pẹ̀lú tí kì í ṣe ọmọ yín? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Ilé ìwé wo ni wọ́n ń lọ? Bí wọ́n bá ti dàgbà, ọwọ́ ta ni owó oṣù wọn ń lọ? Ìgbà wo ni wọ́n gbọ́ ohùn ìyá wọn gbẹ̀yìn? Kí pásítọ̀ tàbí alàgbà kan sì lọ sí ilé náà, kí ó bá ẹni tí ó wà ní ìdí ààrò sọ̀rọ̀ láìsí ìyá ilé níbẹ̀. Bí ìdáhùn kò bá dára, kí a sún ìrìbọmi ọ̀gá síwájú títí ọmọ yóò fi wọ ilé ìwé tàbí títí a ó fi rí àwọn òbí rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a bi òun léèrè, Jòhánù Onítẹ̀bọmi ìbá bi í.

Mo ti gbé àbá yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn pásítọ̀ mẹ́ta tí mo bọ̀wọ̀ fún. Ọ̀kan gbà á lójú ẹsẹ̀, ó sì ti ń lò ó. Tọkọtaya méjì ti bínú kúrò ní ìjọ rẹ̀, ọmọbìnrin mẹ́rin sì ti wọ ilé ìwé. Èkejì ní òun yóò gbàdúrà sí i. Ẹ̀kẹta gbé fọ́ọ̀mù náà yẹ̀ wò fún ìgbà pípẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ náà dára, ó bá Bíbélì mu, kí n jọ̀wọ́ jẹ́ kí ìkórè ọdún yìí kọjá ná.